Ìlà Tí Mo Ro Yí Oko Ọsàn Mi Ká

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù kìíní

Wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé lórí ọ̀rọ̀ iná ìgbẹ́. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n dá fún wa. Aago mọ́kànlá kọjá kí Alága ìgbìmọ̀ tó wọlé, tó ṣì ń fi áńkáṣíìfù nu ẹnu.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ilé-iṣẹ́ panápaná ló wá kọ́ wa. Bàtà rẹ̀ ń dán bíi dígí, n ò sì rò pé ó ti fi tẹ ebè rí láyé. Bàtà Dídán ni mo sọ ọ́ lọ́kàn mi, ibẹ̀ náà ni orúkọ yẹn yóò sì máa wà. Ó dúró níwájú àwa àgbẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún wa pé koríko gbígbẹ máa ń jó. Ẹ kú ìmọ̀ o.

Ó ní kí á ro ìlà tó fẹ̀ tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá yí oko wa ká, kí á ro ó kanlẹ̀, kí iná tó bá ń bọ̀ má rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Kí á gé ẹ̀ka tó bá fara kan òrùlé. Kí á kó igi àti pákó kúrò lára ògiri ilé. Kí omi wà nínú táńkì nígbà gbogbo. Ó ní koríko tí a bá ro, kí á má finá sun ún, kí á kó o lọ síbi tó jìnnà kó máa jẹrà. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi béèrè bóyá wọn yóò pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Alága ló kádìí ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀. Ó ní ìjọba wà lẹ́yìn wa. Òótọ́ ni. Ẹ̀yìn wa ni wọ́n máa ń wà, a ò rí wọn níwájú rí.

Ọjọ́bọ̀, 9 oṣù kìíní

Mo gba àwọn ọkùnrin méjì láti bẹ̀rẹ̀ sí ro ìlà náà. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan ti di ìlọ́po méjì láti ọdún tó kọjá, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ti di ìdajì. Ẹnu ni wọ́n fi ń ro oko. Nígbà tí mo mú ọkọ́ tèmi, tí mo bọ́ sí iwájú wọn, èyí tó dàgbà nínú wọn ní, “Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa wá lójú ayé.” Èmi ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mo ń dójú tì wọ́n. Ó yẹ kí ojú tì wọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù kìíní

Bàtà Dídán wá wo ilé mi pẹ̀lú bébà àti bírò. Ó yí ilé ká, ó ń sàmì. Ó dúró síbi tí ọkọ mi to pákó rẹ̀ sí lára ògiri ilé ìdáná, ó mi orí bíi dókítà tó rí àyẹ̀wò burúkú.

“Màmá, pákó yìí gbọ́dọ̀ kúrò níbí.”

“Ọkọ mi ló tò ó síbẹ̀. Ó fẹ́ fi kan ọ̀dẹ̀dẹ̀.”

“Ìgbà wo ni wọ́n máa kàn án?”

“Ó kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn.”

Ó wo bébà rẹ̀, kò mọ ibi tí wọ́n ń kọ irú ìyẹn sí. Ó tọrọ gáfárà, ó sì sàmì burúkú sí i síbẹ̀síbẹ̀. Mo ní kó máa lọ sílé. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, mo sì mọ ojú ọmọdé tó ń ka ohun tó kọ́ sórí bí ẹni ń ka àkọ́sórí. Pákó kò ní ẹsẹ̀, kò ní lọ síbì kankan.

Ọjọ́ Ajé, 20 oṣù kìíní

Ìlà ti yí apá mẹ́ta oko ká. Apá kẹrin ni ààlà èmi àti Tísà Àgbà, níbi tí koríko tirẹ̀ ti ga jù mí lọ. Mo rìn lọ bá a. Ó jókòó sórí àga ní iwájú ilé rẹ̀, ó ń kàwé. Ọ̀gá ilé-ìwé ni kó tó fẹ̀yìntì, ó sì gbà pé gbogbo wa ṣì wà ní kíláàsì.

“Tísà, ẹ ẹ̀ ro ààlà yín?”

Ó fi ìka sáàárín ìwé kí ojú ewé má baà sọnù. “Màmá Nọ́ọ̀sì, oyin mi ń jẹ òdòdó inú koríko yẹn. Ilé oyin méjìdínlógún ló wà níbẹ̀. Tí mo bá ro ó, ebi ni mo pa wọ́n.”

“Tí iná bá dé ńkọ́?”

“Ta ni yóò dá a? Èmi kì í mu sìgá. Èmi kì í sun igbó. Ẹni tó bá ń dáná ni kí ẹ lọ bá.”

Ó ṣí ìwé rẹ̀ padà. Ó lé mi jáde ní kíláàsì nìyẹn. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó ń fi ohun ìní gbogbo àdúgbò sínú ewu nítorí kòkòrò. Kí n tó délé, ọ̀kan nínú kòkòrò náà ta mí lọ́rùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù kejì

Ọyẹ́ mú. Afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé ètè àbúrò mi ya. Ó ń gbé lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí etí ọ̀tún rẹ̀ ti di, ó sì ń kọrin ìsìn ní ohùn tí àwọn áńgẹ́lì yóò máa bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. A rí èéfín lókè odò. Kò wá sí ọ̀dọ̀ wa. Àwọn aládùúgbò bọ́ síta, wọ́n wò ó, wọ́n ní “Kò ní kàn wá lágbára Ọlọ́run,” wọ́n wọlé padà. Kò sí ẹni tó mú ọkọ́.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kejì

Ìlà parí! Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá gbáko, yí gbogbo igi ọsàn irínwó ká. Ilẹ̀ náà mọ́ bí orí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Mo rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó kọ́ ààfin.

Koríko tí a ro ti di òkìtì gìrìwò létí ìlà, lápá oko mi, níbi ààlà Tísà. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kíkó rẹ̀ lọ síbi tó jìnnà yóò gba ọjọ́ mẹ́rin sí i, àti owó ọjọ́ mẹ́rin. Mo ní kí wọ́n sun ún. Àárọ̀ ni, ìrì wà nílẹ̀, ewé kan ò mira. Èyí tó dàgbà nínú wọn ní, “Màmá, kùkùté igi ńlá kan wà lábẹ́ òkìtì yìí o.” Mo ní ṣé kùkùté ló fẹ́ kọ́ mi ní iṣẹ́ ni? Ó jó tán láàárín wákàtí méjì. Mo fi ọwọ́ ara mi da omi péélì méjì sí eérú náà. Ó kú.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kejì

Bí n kò bá kọ ọ́ lónìí, n ò ní lè kọ ọ́ mọ́.

Lánàá, ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, afẹ́fẹ́ dìde. Mo wà lábẹ́ igi ọsàn nígbà tí mo gbọ́ ohun tó ń ta páápáá bí àgbàdo tí wọ́n ń dín. Mo gbójú sókè, mo rí iná nínú koríko Tísà, pupa, ó ti ga ju ènìyàn lọ. Kò pẹ́ tó àsìkò tí a fi ń ka àdúrà Olúwa kó tó dé ibi àwọn ilé oyin. Mo gbọ́ igbe Tísà. N kò tíì gbọ́ kí ọkùnrin yẹn gbé ohùn sókè rí láìṣe pé ó ń bá ọmọ ilé-ìwé wí.

Iná dé ìlà mi, ó dúró. Mo fi ojú ara mi rí i. Ó ń na ahọ́n bọ̀, kò rí nǹkan lá. Mo pariwo bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Afẹ́fẹ́ wá yí. Ó gbé ẹ̀ta iná fò kọjá lórí ìlà, ó já díẹ̀ sáàárín igi ọsàn, ó sì sọ ìyókù sórí pákó ọkọ mi.

Mo sáré. Ilé ìdáná ti mú. Àbúrò mi wà níta, ara rẹ̀ dá, mo dúpẹ́. Bí mo ṣe yíjú báyìí, ó ti padà wọlé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ló lọ mú! Mo pè é títí, etí tó di ló kọ sí mi. Mo wọlé tọ̀ ọ́, mo wọ́ ọ jáde ní aṣọ, ó ń bá mi jà, ó ní òun ò tíì rí ìdérí ìgò.

Nígbà tí a jáde, Bàtà Dídán wà níbẹ̀. Ọkọ̀ panápaná kò wá, epo kò sí nínú rẹ̀. Òun gun alùpùpù wá. Ó ń fi ọwọ́ fa àwọn pákó tó ń jó kúrò lára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń jù wọ́n sẹ́yìn. Mo kígbe pé kó fi sílẹ̀. Ó ní, “Tí a bá fi sílẹ̀, iyàrá ló kàn!” Èmi náà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi ń gbọ́n omi láti inú táńkì, ó ń dà á sí wa lára, ó ń kọrin.

Ilé ìdáná lọ, àti ìdajì òrùlé. Iyàrá méjèèjì kù. Nínú igi ọsàn, mọ́kàndínlógójì ló jó. Èyí tó kù dúró, nítorí ìlà.

Mo fi oògùn sí ọwọ́ Bàtà Dídán, mo sì dì í. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti bó. Bàtà rẹ̀ ti di dúdú, rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti yọ́. Kò sọ̀rọ̀ nípa pákó. Ì bá dáa kó sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kejì

Àlejò, àlejò, àlejò. “Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.” Ẹni kẹtàlá ló sọ èyí fún mi láàárọ̀ yìí. Èmi kì í ṣe ọba, òjò yóò sì wọlé wá bá mi láti ojú òrùlé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mú ìṣó wá.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kejì

Ìpàdé ìrànlọ́wọ́ ní gbọ̀ngàn. Páànù, igi ìkọ́lé àti irúgbìn ni wọn yóò pín fún àwọn tí iná kàn. Alága ní kí n dìde, ó ní èmi ni àpẹẹrẹ rere onílẹ̀, pé ìlà tí mo ro ló gba ìdajì àdúgbò là. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Tísà dìde. Irun iwájú orí rẹ̀ ti jó. Ó ní gbogbo oyin òun ti run, ilé oyin méjìdínlógún, àti ilé ìkẹ́rù òun, òun sì fẹ́ kọ orúkọ.

Mi ò mọ ohun tó gbé mi. Mo na ìka sí i níwájú gbogbo ènìyàn. “Ìwọ! Ìwọ lo finá sílé mi! Mo wá bá ọ, mo bẹ̀ ọ́ pé kí o ro ààlà, o ń kàwé! Koríko rẹ ni iná ti jáde. Kò yẹ kí ojú ìránù rẹ tún wọ inú yàrá yìí!”

Mo fi ìwọ bá a sọ̀rọ̀, ẹni tó fi ọdún méje jù mí lọ. Àwọn ènìyàn hó. Ẹnìkan ní kí ó lọ jẹ oyin. Ẹnìkan tutọ́ sí ẹ̀bá ẹsẹ̀ rẹ̀. Alága fi bírò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Tísà tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó jáde, kò sáré.

Orúkọ mi ló ṣíwájú nínú ìwé. Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kejì

Mo mú ráàkì tí a fi ń kó ewé jọ, mo lọ wo ìlà mi láàárọ̀.

Níbi òkìtì tí mo sun, ilẹ̀ ti jìn. Kùkùté náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ihò ni, eérú funfun ló kún inú rẹ̀. Láti inú ihò yẹn, gbòǹgbò kan tó nípọn tó apá mi gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, ó ti jó tán, ó ku ọ̀nà rẹ̀ bí ihò òkété. Mo ń fi ráàkì tẹ̀ lé e, ilẹ̀ ń jìn níwájú mi. Ó gba abẹ́ ìlà mi kọjá, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá gbáko. Ó yọ orí sínú koríko Tísà.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rìn. Mo ro òkè ilẹ̀ mọ́ tónítóní, mo sì ń sun abẹ́ rẹ̀.

Mo fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹnìkan rí mi.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kejì

Mo sọ fún àbúrò mi. Mo ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí etí. Ó ronú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló bi yín léèrè?”

“Kò sẹ́ni tó bi mí.”

“Ẹ dákẹ́ nìyẹn.”

Ó bu oúnjẹ fún mi. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó yanjú ìṣirò. Ọdún mélòó la ti ń gbàdúrà papọ̀ nínú ilé yìí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kejì

Páànù dé. Wọ́n já tèmi sílẹ̀ ṣáájú ti gbogbo ènìyàn. Mo ní kí wọ́n máà tíì kàn án. Káfíńtà wò mí bí ẹni tí iná jó dé ọpọlọ.

Mo kọjá níwájú ilé Tísà. Ó kúnlẹ̀ nínú eérú, ó ń ṣa ìṣó láti ara àwọn ilé oyin tó jó, ó ń lù wọ́n tọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí òkúta. Ẹni tí kò ní páànù, ìṣó ló ń tọ́. Mo kí i. Ó mú ìṣó mìíràn.

Ọjọ́bọ̀, 27 oṣù kejì

Mo lọ bá Bàtà Dídán ní ọ́fíìsì. Tábìlì kan, àga méjì, fáànù tí kò yí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú báńdéèjì tí ẹlòmíràn dì burúkú. Mo kọ́kọ́ tú u, mo tún un dì, kí n lè rí nǹkan fi ọwọ́ mi ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ́: òkìtì, kùkùté, gbòǹgbò, gbogbo rẹ̀.

Ó ní, “Màmá, mo rí i.”

“O rí kí ni?”

“Ihò yẹn. Lọ́jọ́ kejì iná. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Alága ní wọ́n ti fi orúkọ yín ránṣẹ́ sókè gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, pé kí n má dójú ti àdúgbò.”

“O wá jókòó, o ń wo bàbá arúgbó tó ń tọ́ ìṣó.”

Ó wolẹ̀. “Wọn ò tíì fún mi ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ pátápátá.”

Ẹni tó fi ọwọ́ lásán gbá iná mú! Kò sá fún iná, bírò ló ń sá fún. Mo fẹ́ sọ èyí sí i lójú, ẹnu mi sì ti là, kí n tó rántí ẹni tó fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bo ihò. Mo pa ẹnu dé. Mo ní kó fún mi ní bébà, mo kọ ọ́, mo buwọ́ lù ú.

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Mo lọ sílé Tísà. Kò ní kí n jókòó. Mo dúró bí ọmọ tó pẹ́ dé ilé-ìwé, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní, “Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.”

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

“Níbo lẹ ti bú mi?”

“Ní gbọ̀ngàn.”

“Ẹni mélòó ló wà níbẹ̀?”

“Wọ́n máa tó ọgọ́rin.”

“Iwájú mi nìkan lẹ wá sọ èyí sí.” Ó gbé ìwé rẹ̀. “Ẹnìkan ṣoṣo kò tó ọgọ́rin, Màmá Nọ́ọ̀sì.”

Mo bínú délé. Agbéraga, aláìlójú-àánú, ìwé ló mọ̀! Mo ń bú u títí tí mo fi dé ẹnu ọ̀nà, kò sì sí ibì kan tí ó ti ṣì í wí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta

Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n gbọ́ pé wọn yóò pín irúgbìn. Alága fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo dìde kó tó la ẹnu. Ó fọwọ́ sí mi pé kí n jókòó, Bàtà Dídán sì dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí Màmá sọ̀rọ̀, sà.” Ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó jáde.

Mo ní: “Èmi ni mo dá iná náà. Wọ́n ní kí á má sun koríko, mo sun ún lórí kùkùté. Gbòǹgbò gbé iná gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sínú oko Tísà. Tísà kò ṣe nǹkan kan. Mo fi ìwọ bá wọn sọ̀rọ̀ níbí, mo purọ́ mọ́ wọn, ẹ sì bá mi tutọ́. Ẹ kọ orúkọ wọn padà. Ẹ yọ tèmi.”

Mo retí ariwo. Mo ti múra sílẹ̀ fún itọ́.

Wọ́n dìde, wọ́n dì mọ́ mi. “Ah, Màmá, kì í ṣe ẹ̀bi yín.” “Ta ló lè mọ̀?” “Opó ni wọ́n, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.” Obìnrin tó ní kí Tísà lọ jẹ oyin ń nu omijé mi, bẹ́ẹ̀ n kò sunkún. Ẹ wo àwọn ènìyàn wọ̀nyí! Nítorí koríko tí ó ga, wọ́n tutọ́ sí ọkùnrin. Nítorí iná tí mo dá, wọ́n ń fọwọ́ pa mí lórí. Kò sí ìdájọ́ lọ́wọ́ wọn rí, ojú tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń bá ṣe. Mo já ara mi gbà. Mo ní bí wọn kò bá kọ orúkọ rẹ̀ lójú mi, mi ò ní jáde. Alága kọ ọ́, ó tẹ bírò débi pé bébà ya. Ó fi tèmi sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Mo bá Tísà lójú ọ̀nà. Ó ti ṣíwájú, ó ń rìn pẹ̀lú ọ̀pá. Mo rọra tẹ̀ lé e lẹ́yìn, n kò fẹ́ kọjá rẹ̀, n kò sì fẹ́ kó rò pé mò ń lé e. Ní ibi tí ọ̀nà wa ti pínyà, ó dúró, kò yíjú.

“Ẹ sọ ọ́ dáadáa,” ó ní. “Mo wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀.”

Ó sì lọ. Ó fún mi ní máàkì! Ọkùnrin yìí fún mi ní máàkì lójú títì, èmi tí mo ti gbẹ̀bí ìdajì àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn. Irú ènìyàn wo nìyẹn? Mo rìn délé, mo ń jẹ ẹnu wúyẹ́wúyẹ́, inú mi sì ń dùn bíi ti ọmọ kíláàsì kìíní.